Ọjọ́ Tí Kẹ̀kẹ́ Perumal Gba Iwájú Ilé Wa Kọjá

Ilé Kọkànlélógún,
Òpópónà Ìlà-Oòrùn,
Kilasolai,
Ẹkùn Tanjavur.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Keje, 1988.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Kadiravan,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé oòrùn Kuwait kò tíì yan ọ́ bí ẹ̀pà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo bí ẹni tí agbọ́n ta ti rọlẹ̀ díẹ̀? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń pín oúnjẹ sè láàárín ara yín, àbí ìwọ tí o kò lè da omi ìrẹsì nù láìjó ọwọ́ ni wọ́n ti sọ di ìyàwó ilé? Kú ọ̀fọ̀ Bàbá o, Kadir. Kú ìrọ́jú. Kú àìlèwálé. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó jókòó tì ọ́ níbẹ̀ láti kí ọ bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kí ọ ní àkítúnkí.

Ìyá wa wà. Oúnjẹ tó ń jẹ kò tó ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó sì ń bú mi, nítorí náà agbára ṣì wà nínú rẹ̀. Òun ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Nínú wáyà tí mo tẹ̀ sí ọ, mo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹ̀kẹ́ ni Bàbá kú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Jọ̀ọ́, lọ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè yọjú wo ìwé lọ́wọ́ rẹ, kí o tó ka èyí tó kù.

O kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ òrìṣà wa ṣe wà kí o tó lọ. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni kẹ̀kẹ́ onígi gàgàrà tí a fi ń gbé Perumal yí ìlú ká fi dúró sábẹ́ páànù, tí ewúrẹ́ ń bímọ sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé Òpópónà Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn ń jà sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan okùn tí a fi ń fà á. Láti ìgbà tí ọdún yìí ti wọlé ni Bàbá ti ń wọ́ ara rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, tí ikọ́ ń gbé e sọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní òun kò ní kú láìgbọ́ dídún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àbí kí ni kó wí? Òun ló ń ju ìtì igi sábẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà láti fi darí rẹ̀ nígbà tí ara ṣì gbé e.

Ọjọ́ tí wọ́n pàdé lábẹ́ igi ọdán, ìran ni! Àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí wọ́n gbé Perumal sórí lọ́rì tó ní gílóòbù káàkiri ara, kí wọ́n fi igi kẹ̀kẹ́ dáná. Ìyá arúgbó kan pòṣé, ó ní, "Ẹ kúkú gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ológeere, kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà á." Ni Vaidilingam bá dìde, olórí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn, ẹni tí òun àti Bàbá kò kí ara wọn láti ìgbà tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo Bàbá láti òkè délẹ̀.

"Sambandam, ṣé ikọ́ yìí lo fẹ́ fi fa kẹ̀kẹ́ ni?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá dúró kí ikọ́ fi òun lọ́rùn sílẹ̀, ó wá ní, "Ìwọ ni wàá fà á, Vaidilingam. Èmi á dùbúlẹ̀ sójú fèrèsé, màá máa pàṣẹ fún ọ."

Vaidilingam fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè bínú. Ibẹ̀ ni ìjà náà ti tú ká o, àbúrò mi. Wọ́n fẹnu kò pé Ìlà-Oòrùn ni yóò di okùn iwájú mú lọ́dún yìí, Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Vaidilingam fi ọ̀rọ̀ kan lé e: bí ohunkóhun bá dá kẹ̀kẹ́ dúró lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé Perumal ti kọ̀ wá nìyẹn, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn páànù pa, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ kẹ̀kẹ́ mọ́ ní Kilasolai. Gbogbo wọn ní ó dára. Bàbá náà ní ó dára.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹ̀kẹ́, kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, ni Bàbá lọ. Kò japoró. Ó ní kí Ìyá fún òun lómi, kí omi tó dé, ó ti lọ. Mo lanu láti ké. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé eyín mi gé mi létè.

"Gbé e mì, Tenmoli. Gbé ẹkún yẹn mì. Bí o bá ké, kẹ̀kẹ́ ò ní kúrò lójú kan lónìí."

Ìwọ náà mọ òfin: òrìṣà kì í gba òpópónà tí òkú wà nílẹ̀. Mo sọ fún un pé èèwọ̀ ni, pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú kò gbọdọ̀ yọjú sí Perumal lọ́nà, áḿbọ̀sìbọ́sí kó gbé àwo iná tí a fi ń kí i lọ́wọ́.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?" ló fi dá mi lóhùn. "Ta ló mọ èèwọ̀ yẹn ju èmi lọ? Èmi ni opó."

Kadir, bó ṣe pe ara rẹ̀ nìyẹn. Ó nu ojú Bàbá, ó fa aṣọ bò ó dé àyà, ó yí orí rẹ̀ sí fèrèsé bí ẹni tó ń sùn. Ó lọ wẹ̀, ó wọ aṣọ sílíìkì ìgbéyàwó rẹ̀, ó ní kí n di òdòdó mọ́ irun òun. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n èmi kò rí irú èyí rí.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ń mì! Àwọn àwo inú ilé ìdáná ń lu ara wọn. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn rọ̀ mọ́ okùn, wọ́n ń fi oríkì Perumal kígbe, "Govinda! Govinda!" Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn ń wọ́n omi sí àwọn ọmọ Ìlà-Oòrùn lára nítorí oòrùn, àwọn tó jẹ́ pé òkúta ni wọ́n ń sọ lu ara wọn tẹ́lẹ̀. Inú mi ìbá dùn. Ká ní o rí i, wàá sunkún ayọ̀. Vaidilingam ń bọ̀ níwájú, òógùn ti wẹ̀ ẹ́. Ó gbójú sókè sí fèrèsé wa, ó pariwo pé, "Sambandam! Ó yá, pàṣẹ!"

Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àgbọn àti àwo iná tí káfúrà ń jó nínú rẹ̀.

"Ó ń sùn," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i. Ó ti gbọ́ yín."

Vaidilingam wo fèrèsé náà títí. Ó wo Ìyá. Ó wá kọjú sí àwọn afakẹ̀kẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì fà á. Àwòrò ti bu àtíkè pupa, èyí tí opó kì í fi kan iwájú orí, sí Ìyá lọ́wọ́. Ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀, ó wọlé, ó fi èyí tó kù kan iwájú orí Bàbá, ó sì jókòó tì í.

Ìrọ̀lẹ́ ni a gbọ́ fèrè ìkarahun pé kẹ̀kẹ́ ti padà sáyè rẹ̀. Ìyá wò mí, ó ní, "Ó yá." Ni mo bá ké. Òun náà ké, ṣùgbọ́n ohùn lásán ni, kò sí omi lójú rẹ̀. Gbogbo ìlú ya wá. Wọ́n ní Bàbá mà lórí ire o, pé Perumal kí i tán kó tó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò Bàbá dúró fún ọ, ó tanná sí igi tí a fi sun òkú Bàbá.

Ṣé o rántí Màmá Sornam, ẹ̀gbọ́n Bàbá tó ń gbé ilé kejì? Ìbéèrè òmùgọ̀ ni mo bi ọ́ yẹn, ta ló lè gbàgbé ẹnu yẹn? Òun ló kọ́kọ́ wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fẹ́ ká ọwọ́ Bàbá lé àyà, ọwọ́ ti gan paá. Ó ní, "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló gan báyìí?" Mo ní afẹ́fẹ́ fèrèsé ni. Ó dákẹ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ létí kànga. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi gbalẹ̀. Àwọn kan ní opó ló fi iná kí Perumal, pé kẹ̀kẹ́ ti di aláìmọ́, kí wọ́n tì í mọ́lé bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn. Àwọn mìíràn ní Perumal lójú, bí kò bá fẹ́, ì bá ti dúró. Wọ́n ti ń wá òkúta kiri. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Ìyá síwájú tẹ́ńpìlì, wọ́n tan káfúrà sórí pẹpẹ òkúta, wọ́n ní kó fi ọwọ́ pa á, kó búra pé ọkọ òun wà láàyè nígbà tí kẹ̀kẹ́ kọjá. O mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìbúra yẹn: ẹni tó bá fi purọ́, orí ọmọ rẹ̀ ló ń já lé. Ìyá wo iná náà. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi àti ìwọ ló ń rò.

Ẹnìkan tì mí kúrò lọ́nà. Vaidilingam ni. Ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá iná náà pa.

"Mo rí Sambandam lójú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ náà," ló wí. "Ó juwọ́ sí mi. Ó pàṣẹ, mo sì fà á. Ṣé ẹ tún fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn?"

Àwọn tó ti ṣa òkúta jọ sọ ọ́ nù. Ó kọjá lára wa láìwò wá, ó lọ sílé. Ọ̀tá Bàbá nìyẹn o, tó lọ́mọ mẹ́rin! Títí di òní, Ìyá kò lè lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bó bá dúpẹ́, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Ṣé o ti rí ibi tí ó há wa sí báyìí? Òṣùpá tó wà lókè nígbà tí ẹ̀mí bọ́ ni a fi ń mọ ọjọ́ oúnjẹ òkú. Òṣùpá ọjọ́ kẹrìnlá ló wà lókè nígbà tí Bàbá lọ. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, òṣùpá àrànmọ́jú ti wọlé, òun sì ni àwòrò mú fún Bàbá, lóṣooṣù títí ọdún yóò fi yí, lọ́dọọdún títí ayé. Ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Òkú kì í jẹun lọ́jọ́ ẹlòmíràn, Kadir. Bí a bá sì la ẹnu sọ ọjọ́ gidi, a ti sọ Vaidilingam di abúra-èké, a ti ti kẹ̀kẹ́ mọ́lé, iṣẹ́ tí Bàbá fi ìwọ̀nba èémí tó kù fún un ṣe ti wọmi.

Lóṣù àkọ́kọ́, a se ìrẹsì, a din ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, a gbé wàrà kíkan kalẹ̀ bí Bàbá ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá gbé ti Bàbá lọ sórí òrùlé lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń pe kannakánná, ẹyẹ tí òkú máa ń gba ẹnu rẹ̀ jẹun. Wọ́n wà lórí igi àgbọn, wọ́n ń wò ó. Ìkankan kò sọ̀ kalẹ̀. Ebi ń pa àlejò, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan oúnjẹ kí ẹyẹ tó tọ́ ọ wò. Nígbà tó pẹ́ jù, àbúrò Bàbá ní ká máa jẹ, pé bóyá àwọn ẹyẹ náà ti yó níbi ìgbéyàwó ìsàlẹ̀ òpópónà. Gbogbo wa jẹun. Ìyá wà lókè nínú oòrùn, ó ṣì ń pè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lóṣù kejì.

Kò lè ṣe é níhìn-ín lọ́jọ́ gidi, òrùlé wa àti ti Màmá Sornam fara kan ara wọn. Ìwọ nìkan ló kù. Ìwọ sì ni àkọ́bí ọkùnrin, tìrẹ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú àrànmọ́jú tó ń bọ̀, wẹ̀, fi ọwọ́ ara rẹ sè é, bó tilẹ̀ jóná. Wọ́n ní kannakánná wà ní èbúté yín níbẹ̀, pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bá dé láti ọ̀dọ̀ wa. Gbé e síta fún wọn. Pe Bàbá lórúkọ. Má fi nǹkan kan ẹnu kí wọ́n tó jẹ. Lẹ́yìn náà, fi iná sun lẹ́tà yìí.

Bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé, pàápàá èyí tó kọ́ ọ ní búrẹ́dì dídín. Àbúrò Bàbá ní kí n kí ọ. Ọmọ mi, Poongodi, ní kí o má gbàgbé aago ọwọ́ òun. Ọkọ mi náà kí ọ, kò kúkú mọ ohun tí mo ń kọ.

Bí o bá ń fèsì, káàdì ni kí o fi ránṣẹ́, má sì sọ̀rọ̀ púpọ̀, apínlẹ́tà wa máa ń ka gbogbo rẹ̀ kó tó débí. Kọ ọ́ ṣókí pé: ó ti jẹun. Ìyá kò mọ ìwé, o mọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ó da ìyẹ̀fun ìrẹsì sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, kí òun lè dá a mọ̀ fúnra òun lọ́wọ́ apínlẹ́tà kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà níbẹ̀, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ó ti mọ ìdajì.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,

Tenmoli.