Ìró Ẹ́ńjìnnì Lẹ́yìnkùlé

Àǹtí Sàúdátù,

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ dé ẹ̀yìnkùlé o. Láàárọ̀ yìí, bí Bùọ̀dá Fàsásì ṣe kan pákó tó kù mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tó ti jẹ owó ọjà yín tán, ni a gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Mushin. Mo ní ká sá. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Làbákẹ́, iṣẹ́ mi ò já sí asán." Wọ́n bá wọ inú rẹ̀. Ìró náà ń jìnnà lọ, bí ọkọ̀ tó ń kúrò ní èbúté, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ọkọ̀ ṣì wà lórí igi tí wọ́n gbé e lé. Bùọ̀dá ni ò sí nínú rẹ̀. Mo ń lọ wá wọn létí ọ̀sà.

Làbákẹ́