Ẹmu Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Tọ́ Wò

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Òkè-Àró,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Ọlábọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ìfaradà òtútù o. Níbí, ooru ni kò jẹ́ ká rí oorun sùn, bí iná mànàmáná bá sì dé, kì í jókòó kó tó dìde lọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bọ́sẹ̀ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ún nígbà tí ẹ wá ṣe Kérésì ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń rántí Yorùbá díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n kó lọ? Ikùn tìrẹ náà ńkọ́? Mo ń gbàdúrà kó má fẹ̀ ju bí mo ṣe rí i yẹn lọ, torí ẹnu ọ̀nà ilé mi kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, àwa tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday. O ti béèrè Motúnráyọ̀ ìyàwó mi lọ́wọ́ mi léraléra, mo sì ń sọ pé ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ mi, kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti kó Jíbọ́lá àti àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Lísà, ní ìlú Oǹdó. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹnu mi á kàn máa sọ pé kò sí wàhálà ni. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé Bísọ́dún tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká ń lọ bá ọkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ yín, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi mú ìwé yìí dání.

Ìwọ lo fa ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì bínú sí ọ. Ṣé o rántí ìgò tí o gbé wá ní Kérésì, oje igi mépù tí o gbà lára igi ẹ̀yìnkùlé rẹ, tí o fúnra rẹ sè títí tó fi ki, tó sì pọ́n bí oyin? Motúnráyọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ó ń dà á sórí búrẹ́dì, ó ń dà á sínú ògì. Nígbà tó tán, ó bu omi gbígbóná sínú ìgò, ó mì í, ó sì mu ún. Bí mo ti ń wò ó, mo ní ṣé igi ìlú òyìnbó nìkan ló ní oje dídùn ni? Ọ̀pẹ bàbá mi ṣì wà ní Ìta-Ògbólú, tí Oríọlá adẹ́mu ń dá ẹmu lára wọn. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ kò tíì di ọtí, omi dídùn lásán ni. Bí èèyàn bá tètè gbé e kaná, kò ní ráyè di ọtí mọ́.

O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Abẹ́ ọ̀pẹ wọ̀nyẹn ni mo ti kọ́ ọtí mímu, kí n tó mọ irùngbọ̀n fá. Kó o tó rìnrìn àjò, ìwọ lo wọ́ mi jáde nínú gọ́tà. Ìwọ náà lo wà lórí fóònù lọ́jọ́ tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Motúnráyọ̀ àti pásítọ̀ pé ọtí, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, kò tún ní kan ahọ́n mi mọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Mo fẹ́ kí nǹkan kan ti ara ọ̀pẹ bàbá mi jáde tí kì í ṣe ìtìjú. Mo fẹ́ gbé ìgò kan síwájú ìyàwó mi lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, kí n sì sọ pé èmi ni mo sè é. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ nǹkan kan fún un.

Ìwọ ìbá rẹ́rìn-ín ká ní o rí èyí tí mo kọ́kọ́ sè. Mo to ààrò sẹ́yìnkùlé, mo gbé ìkòkò kaná, mo wá yà sí kọ̀rọ̀ láti dáhùn ìpè kan. Kí n tó padà dé, ó ti ru, ó ti pa iná, ó sì ti ṣàn dé ẹsẹ̀ ògiri. Mo tún iná dá. Lọ́tẹ̀ yìí mo jókòó tì í, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n sọ̀ ọ́, ló bá di dúdú bí ọ̀dà. Mo fi ọ̀bẹ fá ìdí ìkòkò títí ọwọ́ mi fi bó. Èkejì ló jọjú. Kẹ́ẹ̀gì tuntun tí a fi omi gbígbóná ṣàn ni mo gbé fún Oríọlá, torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó wà nínú akèrègbè ló máa ń tètè sọ ẹmu tòní di ọtí. Odindi kẹ́ẹ̀gì náà gbẹ títí ó fi ku ìgò kékeré kan péré. Àmọ́ ó pọ́n, ó ń yọ̀ lórí ṣíbí, adùn rẹ̀ sì rọra ń lọ lọ́nà ọ̀fun. Inú mi dùn débi pé mo dá nìkan jó lẹ́yìnkùlé. Mo wá lọ fi ìgò náà pamọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì.

Ẹ̀kẹta ló bà jẹ́. Ìpàdé kan dá mi dúró ní Alágbàká, ìrọ̀lẹ́ ni mo tó dáná sí i, nígbà tí Motúnráyọ̀ àti àwọn ọmọ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo àdúgbò ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń pọn ògógóró. Sherifat aládùúgbò wa kí mi, ó sì fi híjáàbù bo imú. Lẹ́yìn gbogbo igi ìdáná tí mo fi ṣòfò, omi kíkan ló kù nínú ìkòkò. Mo pe Oríọlá, mo bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó ti kan kó tó gbé e kaná. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ùwọ tọ́ ọ wò!" ni gbogbo ohun tó sọ.

Ìfófòó kò lè sọ fúnni, torí ọ̀kadà ti máa ń mì í pọ̀ lọ́nà kó tó dé. Imú tèmi náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, kò sí ẹmu tó rùn tí kò dára lójú rẹ̀. Ahọ́n nìkan ló kù, ahọ́n ni mo sì fi jẹ́jẹ̀ẹ́. Ta ni màá bẹ̀? Ṣé Sherifat tó jẹ́ Mùsùlùmí ni, àbí ọmọ mi?

Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì mìíràn dé láàárọ̀ Sátidé, tí Motúnráyọ̀ wà ní ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, mo bu ṣíbí kan. Mo ní màá kàn fi kan ahọ́n, màá sì tu ú dà nù. Ọlábọ̀dé, bí ṣíbí yẹn ti ń sún mọ́ ètè mi, itọ́ kún ẹnu mi. Ibi tí mo dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ìpàdé wọn tètè parí.

Motúnráyọ̀ ló wọlé. Mo ní sísè ni mo fẹ́ sè é, mo nawọ́ sí ààrò, mo sáré lọ gbé ìgò wá láti fi hàn án. Ìgbà tí mo ń fà á yọ lẹ́yìn àpò ìrẹsì ni mo tó rántí pé ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń fi ọtí pamọ́ sí láyé ọjọ́sí. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti di ẹrù.

Mo lọ bá wọn l'Óǹdó lọ́jọ́ Sunday kejì, mo gbé ìgò náà dání. Ìyá ìyàwó mi kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ pẹ́. Màmá fi búrẹ́dì tọ́ ọ wò, wọ́n ní oyin ò lè bá a du ipò, wọ́n tún fi òmíràn tọ́ ọ wò. Motúnráyọ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bàbá Jíbọ́lá, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìgò ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ni." Ó wá bi mí pé, ká ní òun ò wọlé lásìkò yẹn, ṣé màá tu ú dà nù? Mo lè fi Bíbélì búra pé mi ò mu ún. Àmọ́ mi ò lè búra pé mi ò ní mu ún. Ó ní òun dúpẹ́ pé mi ò purọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, kí n máa lọ sílé. Láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, mi ò mọ bí mo ṣe wa ọkọ̀ náà.

Mo ti sọ fún Oríọlá pé kó má fi ẹmu ránṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó lọ síbi òkú kan, àbúrò rẹ̀ tí kò mọ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì fún ọlọ́kadà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá yìí. Ọlọ́kadà gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó bá tirẹ̀ lọ, ó wá ku èmi àti òun. Mo wò ó, ó wò mí. Mo pe Motúnráyọ̀. Ó ní kí n gbé e síta, kí n má ṣí ìdérí rẹ̀, òun ń bọ̀.

Mo gbé e sí ẹnu géètì, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Oòrùn mú un, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí ṣìì lábẹ́ ìdérí. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́ fún ọ. Sherifat jáde, ó wò mí, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wọlé lọ gbé àpótí àti àwo ẹ̀wà rẹ̀ wá, ó jókòó ti géètì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò dìde títí Motúnráyọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìyàwó mi, ọmọ kátíkíìsì, tí ẹmu kò kan ẹnu rẹ̀ rí láyé, ló ní kí n mú ṣíbí wá, tó gbà á lọ́wọ́ mi, tó sì bu ẹmu náà. Ó dijú bí ẹni tó fẹ́ lo oògùn, ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ní ó kọ́kọ́ dùn, ó wá ń ta òun lẹ́nu. Mo ní ó ti kan nìyẹn. Ó wo inú ṣíbí náà pẹ́, ó wá ní, "Ṣé èyí náà ni? Ṣé torí èyí ni?" Ọ̀rẹ́ mi, mo sunkún lójú Sherifat, ojú ò tì mí.

A jọ dà á sí ìdí ìbẹ́pẹ, òun di ìdí kẹ́ẹ̀gì mú, èmi di ọrùn rẹ̀ mú. Kò sùn nílé. Ó ní àwọn ọmọ ń retí òun. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó fọ ṣíbí yẹn, ó nù ún, ó sì jù ú sínú báàgì rẹ̀. Ó ní kí Oríọlá fi òmíràn ránṣẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á ti dé kí ẹmu tó dé, òun ni yóò sì tọ́ ọ wò. Kò sọ pé òun ń padà wálé, mi ò sì tó bẹ́ẹ̀ láti bi í. Ṣíbí pọ̀ nílé wa. Àmọ́ èyí yẹn ló mú lọ.

Bí o bá pè mí lọ́jọ́ Sunday, tí mo bá ní kò sí wàhálà, jọ̀ọ́, tún béèrè. Bá mi kí Bọ́sẹ̀, sọ fún un pé orúnkún rẹ̀ wà nínú àdúrà mi. Bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ mú yín ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi ni tìrẹ, tí kò tíì ṣubú títí di òwúrọ̀ yìí,

Akínlolú.