Bàtà Kẹ́hìndé

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 1991

Ó ti dúró! Ọkọ̀ dókítà ti dúró ṣánṣán lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Eruwa, kò yà, kò mì.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá bíréèkì rẹ̀ jà. Ọkọ̀ eré oníjókòó méjì ni, ó fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo. Bí mo bá ti tẹ bíréèkì báyìí, á forí lé ọ̀tún bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Dókítà ti ní òun á gbé e lọ Ìbàdàn lọ́la. Ìbàdàn! Èmi tí mo ti ń ṣe mọ́tò kí wọ́n tó bí i.

Láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi gbé ìjà kò mí. Mo ra bàtà fún Táyé lánàá torí pé tirẹ̀ ti já. Ti Kẹ́hìndé ṣì dára.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ra ti Táyé, ẹ ò ra ti Kẹ́hìndé! Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ilé yìí tòrò?"

Ẹ̀kọ wà lẹ́nu mi nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣí mi lójú. Sípírínǹgì, irin tó ń gbé ọkọ̀ lórí táyà! Méjì ni dókítà rà. Ti iwájú lápá òsì nìkan ni mo pààrọ̀, torí òun ló kán. Mo ní ti ọ̀tún ṣì dára. Bí a bá tẹ bíréèkì, tuntun á dúró gangan, ògbólógbòó á rì, ọkọ̀ á sì yà sí ọ̀tún.

Mo sáré lọ fi èkejì sí i, mo sì tún bíréèkì ṣe kó dọ́gba. Dókítà tẹ̀ ẹ́ lórí eré, ó tiẹ̀ jọ̀wọ́ sítíárìn. Gbọn-in ló dúró.

"Bàbá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo ra ti Kẹ́hìndé ni."

Kò yé e. Ẹ̀rín ni mo ń rín bọ̀ wálé, àfi bí mo ṣe bá Kẹ́hìndé lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ òfìfo.