Àgádágodo Ìdí-Igi Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹfà, 2003. Àkúrẹ́.

Àǹtí Moríyọ̀ ti dé láti Oǹdó níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní nọ́ńbà ni.

Bàbá ńlá wọn fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, nítorí náà ìdí-igi mẹ́ta ló wà nínú ẹbí. Ìwé oko kòkó wọn wà nínú àpótí kan, àgádágodo onínọ́ńbà ló wà lẹ́nu rẹ̀ — òrùka mẹ́ta. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan mọ nọ́ńbà òrùka tirẹ̀ nìkan, kí àpótí má baà ṣí àfi tí gbogbo wọn bá pé. Mo bi í pé ta ló ronú kan èyí. Ó ní àwọn àgbà. Mo ní àwọn àgbà ò bi ẹni tó ń tún àgádágodo ṣe. Ó ní kí n panu mọ́.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Akínsànyà, ló mọ nọ́ńbà tiwọn. Ó ṣubú lójijì, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ìdí-igi méjì yòókù fẹ́ ta oko. Màmá Leah, ìyá Àǹtí, inú oko yẹn ló ń gbé. Ìpàdé ẹbí di ọjọ́ kọkànlélógún. Bí Àǹtí ò bá mú nọ́ńbà wá, ìdí-igi wọn ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wọn á gé àgádágodo, wọn á ta oko.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10.

Màá bá a lọ. Nígbà tí ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ àgádágodo lé mi torí pé mo sọ fún oníbàárà pé ayédèrú la ń tà, Àǹtí ló fún mi ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 11.

Mo fi ayùn irin la irú àgádágodo náà kan sí méjì. Òrùka kọ̀ọ̀kan ní àlàfo kan nínú. Ọrùn rẹ̀ — irin tí à ń fà sókè — ní eyín mẹ́ta. Tí àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọjú sí eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọrùn á jáde. Ó tán. Kò sí ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀.

Àìsàn rẹ̀: wọn kì í rọ ọ́ kó dọ́gba. Fa ọrùn rẹ̀ sókè díẹ̀, òrùka kan á le ju àwọn yòókù lọ. Yí ìyẹn jẹ́jẹ́ títí ìka rẹ á fi gbọ́ pé ó rì. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyẹn. Bọ́ sórí èyí tó kàn. Mo dijú ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọjọ́bọ̀, 12.

Ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13.

Ẹgbẹ̀rún kan ni gbogbo nọ́ńbà tó lè wà lórí òrùka mẹ́ta. Ẹni tó mọ òrùka kan, ó ku ọgọ́rùn-ún. Tí ẹni méjì bá da tiwọn pọ̀, ó ku mẹ́wàá — kí omi ẹ̀bà tó hó, wọ́n ti ṣí i. Wọ́n sì rò pé pínpín tí wọ́n pín in ló fún un lágbára! Mo sọ fún Àǹtí.

Ó ní, “Ìwọ ọmọ Ìjù yìí, ṣé o máa sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹbí mi?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n múra láti yadi lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú, 15. Oǹdó.

Ilé olóògbé ni àpótí wà lọ́dún yìí. Màmá Leah gúnyán fún wa. Olórí ẹbí, Bàbá Májẹ́kódùnmí, wá wò wá. Mo ti sọ ọ́ ní Bàbá Fìlà, torí Àǹtí ní fìlà ló máa ń fi bo àgádágodo tó bá ń yí tirẹ̀. Ó ní ẹni tó mọ nọ́ńbà yẹn ti gbé e wọ ilẹ̀, òun gan-an ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tó lọ, mo fa ọrùn. Òrùka kìíní le. Ìkejì le. Ìkẹta, tiwọn, ń yí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Eyín rẹ̀ ti ṣẹ́. N kò wá nọ́ńbà méjì yòókù. Kì í ṣe tiwa.

Mo ní, “Àǹtí, àgádágodo yìí kì í bi yín ní nǹkan kan.”

Ó ní, “Bàbá mi máa ń wọ agbádá lọ yí i.”

Ọjọ́ Ajé, 16. Àkúrẹ́.

Mo ní kó mú nọ́ńbà tó bá wù ú. Ó ní irọ́ nìyẹn. Mo ní nọ́ńbà tó máa ṣí i ni wọ́n ní kó mú wá, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣí i. Irọ́ dà níbẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 20.

N kò ṣí i wò nígbà tí a wà ní Oǹdó. Tó bá jẹ́ ìka mi ló ṣì mí lọ́nà ńkọ́? N kò sọ fún Àǹtí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21. Oǹdó.

Pálọ̀ kún. Bàbá Fìlà fi fìlà bo àgádágodo, ó yí tirẹ̀. Bàbá Ògúnníyì, àgbà ìdí-igi kejì, fi áńkáṣíìfù bò ó, ó yí tirẹ̀. Ó kan Àǹtí. Kò fi nǹkan kan bò ó. Ó yí òrùka sí mẹ́jọ lójú gbogbo ẹbí, ó fà á.

Ó ṣí. Màmá Leah ké “Jésù!”

Bàbá Fìlà fò dìde. “Irọ́ ni! Mẹ́rin ni! Mẹ́rin ni nọ́ńbà Akínsànyà!”

Gbogbo ilé kọjú sí i. Òun náà gbọ́ ohun tó sọ.

Bàbá Ògúnníyì rọra ká áńkáṣíìfù rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tèmi ńkọ́? Mélòó ni?”

Bàbá Fìlà ń wo òrùlé. N kò sọ ti eyín tó ṣẹ́. Wọn ò bi mí. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ oko títà. Àǹtí jókòó ti ìyá rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a fi wọ mọ́tò Àkúrẹ́, Bàbá Fìlà kò tíì dáhùn.