Síìpù Báàgì Màmá Oyèkọ́lá

Abbey, Barking,
London.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìtọ́jú Moṣọpẹ́ ọmọ mi. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yín pẹ̀lú àlàáfíà, kí ojú yín ṣì máa rí ihò abẹ́rẹ́ láìwọ awò, kí orúnkún má sì máa dùn yín mọ́ tí ẹ bá ń tẹ ẹ̀rọ náà. Ara tèmi náà le. Òtútù ibí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa.

Nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹ ní ohùn mi ò dùn, mo sì ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí. Irọ́ ni mo pa, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, n ò sì fẹ́ kí ẹ gbé e lé ọkàn sùn. Ní báyìí tó ti yanjú, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Tìjání, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí, òun ni màá fi lẹ́tà náà rán sí yín.

Màmá Oyèkọ́lá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà tí ilé iṣẹ́ wa ń rán mi lọ tọ́jú. Dagenham Village ni wọ́n ń gbé. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní àádọ́ta ọdún nílùú yìí. Láràárọ̀ ni mo máa ń wẹ̀ fún wọn, màá po ògì, màá sì rí i pé wọ́n lo oògùn wọn. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1975 tí wọn ò lè rò fún yín, àmọ́ ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ lánàá, ẹ ti dá iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ní báàgì aláwọ kan tó pupa bí obì. Ọkọ wọn tó ti di olóògbé ló rà á fún wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibí, òun ni wọ́n sì máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn. Nígbà tí síìpù rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ní àwọn ò lè gbé báàgì tó lanu sílẹ̀ wá síwájú Ọlọ́run, ni wọ́n bá jókòó sílé lọ́jọ́ Àìkú mẹ́ta gbáko. Kúnmi, àbígbẹ̀yìn wọn, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ra tuntun fún wọn. Wọn ò tilẹ̀ tú ọ̀rá kúrò lára rẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ lọ́jọ́bọ̀, Màmá gbé báàgì náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Yẹ́misí, ṣebí o ní ìyá rẹ ń ránṣọ. Gbé e lọ sílé, kí o bá mi tún un ṣe, kí n lè rí i gbé ní Sunday.” Ìyá mi, òfin wa ni pé a ò gbọ́dọ̀ mú ohunkóhun jáde nílé ẹni tí à ń tọ́jú, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́. Tó bá sì di dandan, ká pe ọ́fíìsì, ká kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lórí tábìlì wọn. Mo mọ òfin náà dáadáa. Àmọ́ àgbàlagbà tó jù yín lọ ló ń rán mi níṣẹ́. Níbo lẹ ti kọ́ mi pé kí n ní kí wọ́n dúró ná, kí n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì? Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Èmi àti Màmá jọ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, Bíbélì, awò, ìwé ìrìnnà, káàdì bọ́ọ̀sì. Mo gbé báàgì òfìfo lọ, n ò sì kọ nǹkan kan sínú ìwé.

N ò níṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, torí náà mo jókòó tì í láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ mú mi. Síìpù onírin àtijọ́ ni, eyín rẹ̀ sì pé. Màmá ti fi òrí ra á kó lè máa yọ̀, bí àwa náà ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ oòrùn ilé á yọ́ òrí. Òtútù ibí mú kó dì sáàárín eyín síìpù, ó sì kó ìdọ̀tí àti fọ́nrán òwú inú báàgì mọ́ra. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irin kékeré tí à ń fà ti yanu. Bó ṣe ń kọjá lọ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń là sílẹ̀.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ òrí náà kúrò díẹ̀díẹ̀, n ò jẹ́ kó kan awọ. Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ yọ òwú tó há. Mo wá tú rírán ìdí síìpù, mo fa irin náà yọ, mo sì fi pláyà tí mo yá lọ́wọ́ Tìjání fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, díẹ̀ báyìí, torí tó bá fún jù, kò ní rìn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà sẹ́nu eyín kó tó gbà. Mo fi àbẹ́là funfun ra á látòkè délẹ̀, mo sì fi òwú tí wọ́n fi ń rán bàtà rán ìdí rẹ̀ padà. Nígbà tí mo fà á, ó lọ geerege. Mo tún fà á padà. Inú mi dùn débi pé orin bọ́ sí mi lẹ́nu.

Mo ṣì ń kọrin náà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Sylvanus ni, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, ọmọ Delta. Ó ní, “Yemisi, Mama bag dey your hand?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Why you no write am for book? Her daughter don report say you thief am.” Kúnmi ló wá kí ìyá rẹ̀ tí kò rí báàgì. Ó bi Màmá, Màmá ní àwọn ò mọ ibi tó wà, àwọn ò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni. Sylvanus ní kí n má lọ síbi iṣẹ́ kankan mọ́, kí n gbé báàgì náà wá sílé Màmá láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ mọ̀ pé orúkọ ilé iṣẹ́ yìí ló wà lára ìwé tí mo fi ń gbé níbí. Tí wọ́n bá lé mi torí olè jíjà, ìwé náà ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì síbi tó máa gbà mí síṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀yin pè. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹnì kan ṣoṣo tó lè gbà mí sílẹ̀ ni Màmá, mo sì mọ̀ pé Màmá ò ní rántí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kúnmi àti Sylvanus ti wà ní pálọ̀ kí n tó dé. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá. Wọ́n dáhùn, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo gbé báàgì lé orí tábìlì, mo lọ fa dúrọ́ọ̀, mo kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde, ó pé pérépéré. Kúnmi ní, “That's not the point. Mummy ní àwọn ò fún ẹnikẹ́ni. Nobody takes my mum's things without telling me.” N ò lè bá a jà. Ká ní ìyá tèmi ni, bóyá n bá ti pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sylvanus yíjú sí Màmá, ó fara balẹ̀ bi wọ́n pé, “Mama, did you give Yemisi this bag?” Màmá wo báàgì, wọ́n wá wò mí. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń wá a, wọn ò rí i. Yorùbá ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n ní, “Èmi ò rántí o. N ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yìí bá ní mo fún òun, mo fún un.”

Sylvanus ò gbọ́ Yorùbá, Kúnmi ló wò pé kó túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Kúnmi wo ìyá rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó wá ní, “She says yes.”

Ìyá mi, mo sunkún níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Màmá sọ nìyẹn, èmi mọ̀, Kúnmi náà mọ̀. Sylvanus ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé lójú òun, ó sì fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀, èyí tó tọ́ sí mi. Mo bẹ Kúnmi, torí mo jẹ̀bi. Nígbà tó ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Next time, text me. Abeg.” Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ yìí.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kí ọwọ́ tí ẹ fi ń ránṣọ má ṣe gbọ̀n, kí ẹ rí ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ níbikíbi tí ẹ bá dé. Ẹ bá mi gbá Moṣọpẹ́ mọ́ra.

Èmi ni ọmọ yín tí kò tíì mọ bí a ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé rárá,
Yẹ́misí.

Àfikún: Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń po ògì, Màmá fa síìpù náà, wọ́n bi mí pé ta ló bá àwọn tún un ṣe. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ mi. Nígbà tó fi máa tó àkókò tí mo máa lọ, wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì ti ṣàdúrà náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí èyí tí n ò ṣe àmín sí.