Ìdána Lórí Ilé Sodiqat

Sodiqat ọmọ mi,

Àsàláámù àlékúmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọsibítù, mo kí ọ kú àìsùn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o gbé àìsàn àwọn tí ò ń tọ́jú wálé. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Kisí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, iṣu ti ń hù lórí ebè, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì, ìyá rẹ wá ń gba ìkíni káàkiri àdúgbò bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Ọ̀rọ̀ ilé tí o fẹ́ rà n'Íbàdàn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Nígbà tí o kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ lórí fóònù, kò yé mi, pé báǹkì yóò bá ọ ra ilé, pé ìwọ yóò san apá kan sílẹ̀ kí wọ́n tó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, ìyókù yóò sì di oṣooṣù fún ọdún gbọọrọ. Mo rò ó títí lóko, ó wá yé mi pé ìdána ni. Èmi tí mo ti ń retí kí wọ́n wá san ìdána lórí rẹ, ìwọ lo wá lọ ń san ìdána lórí ilé. Kò burú. Ti oṣooṣù yẹn, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù, bí ọ̀rọ̀ àna ti rí nìyẹn. Lẹ́yìn tí mo gbé ìyá rẹ, mo ṣì ń kó àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ kọ ebè fún bàbá rẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi kú.

Ṣùgbọ́n a kì í lọ sílé àna lọ́wọ́ òfo. Iṣu ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú oyin, iyọ̀ àti orógbó. Má sè é o, ti mánéjà báǹkì ni. Ismaheel àbúrò rẹ ló ń kó o bọ̀, òun ni yóò bá ọ dọ̀bálẹ̀, torí obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Tí mánéjà bá ní òun ò gba ẹrù, ẹ má bá a jà, àwọn àna a máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ ṣáà wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi rẹ́rìn-ín.

Mo tún gbọ́ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà wà, pé àwọn kan wà lábẹ́ rẹ, àwọn kan wà lórí rẹ. Bá mi bèèrè ta ló ni ilẹ̀ nínú yín, àti ibi tí ìyá rẹ yóò máa sá èlùbọ́ sí.

Ohun tó dùn mí ni pé o kò sọ fún wa pé owó náà kò pé. Ẹnu Àdìjátù àǹtí rẹ la ti gbọ́ pé tí oṣù yìí bá parí, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún nílé náà, pé o sì ti ń sunkún. Ṣé èèyàn máa ń ní baba kó tún máa dá sunkún? Ni mo bá kó owó lọ fún Samsudeen tó ń ṣe pí-ó-ẹ̀sì. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní owó ti dé Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ owó náà wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tí mo ń wò ó. Mo ní mi ò kúrò níbẹ̀ àfi tí owó bá wọkọ̀. Ìgbà tí o pè mí pé o ti rí i ni mo tó bẹ̀ ẹ́.

O wá ní o kò ní fọwọ́ kan án àfi tí mo bá sọ ibi tó ti wá. Mo purọ́ pé iná fóònù ti tán. Màlúù mi ni mo tà, èyí tó wà ní gàá lọ́dọ̀ Fúlàní, tí mo ní kí ẹ pa lọ́jọ́ tí ẹ bá ń náwó òkú mi. Má dá owó padà, ẹni tó ra màlúù ti dà á lọ. Ìyá rẹ ní kí ni wọn yóò wá pa tí ọlọ́jọ́ bá dé. Mo ní kó ṣe sùúrù, èmi náà kò tíì ṣetán. Kí ni mo fẹ́ fi màlúù tí mi ò ní tọ́ ẹran rẹ̀ wò ṣe, tí ọmọ mi bá ń ti ilé onílé kan bọ́ sí òmíràn?

Ní báyìí, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Tí o bá ti gba kọ́kọ́rọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé náà tù ọ́ lára, kí o gbé e pẹ́, kí o bímọ síbẹ̀. Ìnáwó òkú mi ni ilé yẹn, Sodiqat, mo sì fẹ́ wá jókòó nínú rẹ̀ láàyè, kí ó jẹ́ èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún.

Èmi ni,
Ládòkun baba rẹ.