Àpótí Oyin Tó Ṣófo Lábẹ́ Igi Ọsàn

Bàbá mi, ẹni tó ń kí oyin bí ẹni ń kí ènìyàn,

Oyin yín ti kú. Láti oṣù kẹfà ni mo ti ń gbé bírò tí mo tún ń gbé e sílẹ̀, mò ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dùn yín jù. Mi ò rí i. Àwọn oyin inú àpótí yín tó wà lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé ti kú, èmi ọmọ yín ni mo sì pa wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló kú o. Àwọn kan kú síwájú àpótí, àwọn tó kù kó jáde lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò dá mi láre.

Ẹ mọ̀ pé Màámi ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Adó. Àwọn ló ní kí èmi àti ọkọ mi kó wá sí ilé yín ní Ààyè níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, kí ilé má baà ṣófo, ilé-ìwé tí ọkọ mi ti ń ṣe tíṣà ò kúkú jìnnà síbí. Inú mi dùn láti wá. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, mo gun àga, mo nawọ́ sí òkè àjà ilé ìdáná, mo bá àwọn agolo mílíìkì tí ẹ ń kó irúgbìn sí. Eérú ṣì wà nínú wọn, aṣọ tí ẹ fi dè wọ́n lẹ́nu ò tíì já. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sí wọn lára: Ilá. Tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀gúsí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹ kọ ọ́ sí pé: Elégédé, ti ọmọ mi. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ gbé sọ̀kalẹ̀.

Mo gbin gbogbo rẹ̀. Mo gbin ilá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ síbi tí ẹ máa ń fọ́n ọn sí, mo sì gbin elégédé sí ìdí ààtàn àtijọ́, torí ẹ máa ń sọ pé elégédé kì í ṣe ọ̀bùn, oúnjẹ ló mọ̀ ọ́n wá. Ẹ̀yìn mi ni Ìbùkún wà ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ìbùkún ni ọmọ mi, Bàbá. Ẹ ò rí i. Nígbà tí mo wá kí yín kẹ́yìn, mo ti mọ̀ pé mo lóyún rẹ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, ẹ ń gé èékánná yín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lanu láti sọ fún yín, mo tún pa á dé. Mo ní kó pé oṣù mẹ́ta ná, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ fi lọ.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe láràárọ̀? Ẹ ó wọ bàtà rọ́bà yín, pákò á wà lẹ́nu, ẹ ó rìn dé iwájú àpótí, ẹ ó kọ́kọ́ yọ pákò lẹ́nu kí ẹ tó kí wọn: “Ẹ kú uṣẹ́ o!” Ẹ ní ọmọlúàbí kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Mo bi yín nígbà tí mo wà ní kékeré pé kí ló dé tí wọn ò dáhùn. Ẹ ní wọ́n ń dáhùn, kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn. Nígbà tó yá tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ojú ń tì mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní: “Bàbá ẹ mà tún ń kí kòkòrò o! Ṣé wọ́n ti bi í pé ọmọ ńkọ́?” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ dárí jì mí.

Láti ìgbà tí a ti kó dé ilé yìí títí di oṣù kẹfà, mi ò kí oyin yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ọ̀nà ibi ewúro ni mo máa ń gbà kí n má baà kọjá níwájú wọn.

Ní oṣù karùn-ún ni Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi gbá òdòdó elégédé mú pẹ̀lú oyin nínú. Oyin ta á ní ìpéǹpéjú. Kí n tó gbé e dìde, ojú ọ̀tún ti wú dí. Mo sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láì wé gèlè, ẹsẹ̀ mi kan wọ bàtà, ìkejì ò wọ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní: “Ìyá ọmọ, ta ni oyin ta nínú ẹ̀yin méjèèjì?” Ó fún un ní oògùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ojú ti là, ọmọ ti ń lé adìyẹ kiri. Ṣùgbọ́n àyà mi ò wálẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Títí di òní, bí ó bá sùn, mo máa ń na ọwọ́ sí imú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tata àti kòkòrò kó bo ilá mi. Ewé ilá di ajere. Mo mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe: ẹ ó gún ewé dọńgóyárò, ẹ ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ ó wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin bá ti wọlé. Mo sì mọ òfin yín, torí ẹ mú mi kà á bí ẹsẹ Bíbélì tí a ń kà sórí: a kì í fọ́n nǹkan kan sára ewé nígbà tí òdòdó elégédé bá là. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń là, kó tó di ọ̀sán ó ti pa dé. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, mo lọ sí Ìdó lọ́jọ́ ọjà, mo ra oògùn kòkòrò inú ìgò kékeré, mo yá páǹpù àgbékọ́yìn ìyá Bọ́dé, aládùúgbò wa, mo sì fọ́n ọn ní àárọ̀.

Ìdí tí mo sọ fún ọkọ mi ni pé ọmọ ń sùn láàárọ̀, mi ò fẹ́ kí òórùn oògùn fẹ́ sí i. Òótọ́ ni. Mo tún sọ fún un pé mo gbàgbé òfin yín. Ohun tí mo sọ fún ìyá Bọ́dé náà nìyẹn.

Bàbá, mo rí òdòdó yẹn, ti elégédé tó ti fà wọ àárín ilá. Ó là yẹ́ríyẹ́rí níwájú mi, ó pọ́n bí pupa ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀. Mo rí oyin nínú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti bò wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ mi ò dúró. Ojú ọmọ mi tó wú ni mò ń rí. Bóyá mo gbàgbé lóòótọ́. Bóyá mi ò gbàgbé. Mi ò tíì rí ẹni tí mo lè bi, ẹ̀yin nìkan ló kù.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń já bọ́ síwájú àpótí, wọ́n ń fi ẹ̀yìn yí lórí ilẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi etí lé pákó bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Kò sí ohùn kankan. Ìyá Bọ́dé yọrí láti òdìkejì ọgbà, ó ní: “Ìyá Ìbùkún, oyin bàbá rẹ mà ti kó lọ o! Wọ́n ní àwọn ò lè bá ẹni tí kì í kí èèyàn gbélé!” Ó kàn ń ṣeré ni. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún títí Ìbùkún fi bá mi sun ún láì mọ ohun tí à ń sun.

Ilá mi yè. Ó so, a jẹ ẹ́, kò dùn lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n elégédé bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lẹ́jọ́. A ń já gbọ̀rọ̀ rẹ̀ sè dáadáa, òdòdó ń là láràárọ̀, àmọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nídìí òdòdó á pọ́n, wọ́n á rẹ̀, wọ́n á já bọ́. Mò ń ṣà wọ́n nílẹ̀ sínú abọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo wá rántí ọdún tí mo wà ní ìwé kẹrin, tí òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí oyin ò jáde. Ẹ mú mi lọ sídìí elégédé, ẹ fi òdòdó akọ hàn mí, èyí tí igi ìdí rẹ̀ gùn tó rí tín-ín-rín. Ẹ tún fi abo hàn mí, ẹ ní èyí ló pọn ọmọ sẹ́yìn. Ẹ já akọ, ẹ ya aṣọ ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ pa abo lójú. Ẹ ní a ń bá oyin ṣiṣẹ́ ni, a ò lè mọ̀ ọ́n ṣe tó wọn, kí Ọlọ́run bá wa tún un ṣe.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣiṣẹ́, èmi tí mo pọn ọmọ dúró níwájú òdòdó tó pọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mo fi ṣe é, ìka mi a máa pọ́n títí di alẹ́. Mẹ́rin péré ló so. Nígbà ayé yín, gbogbo àdúgbò la máa ń pín elégédé fún, àwọn èèyàn á tún máa sá pamọ́ kí ẹ má baà tún gbé òmíràn fún wọn. Mo se àkọ́kọ́, mo fún Ìbùkún jẹ. Ó fi ra gbogbo ojú, ó tún ń béèrè. Ti ọmọ yín náà ni.

Mo ní ìròyìn mìíràn, Bàbá. Mo tún ti lóyún. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ọkọ mi ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mi ò dúró mọ́. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ìgbà tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ni màá bí i.

Oyin yín la fi sọ Ìbùkún lórúkọ. Màámi gbé ìgò tí ẹ rọ kẹ́yìn jáde, èyí tí wọ́n fi fìlà yín àtijọ́ wé, wọ́n tọ́ ọ sí Ìbùkún lẹ́nu, ó lá a, ó ya ẹnu wá sí i. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò ò ju ìwọ̀n ìka kan lọ, ó ti dì. Ọkọ mi ní ó tó, pé ahọ́n ọmọ kékeré mélòó ni. Ó tó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí n lè gbé ọmọ tó ń bọ̀ náà dé ẹ̀yìn ilé, kí n nàka sí ibi tí oyin rẹ̀ ti wá. Kí ni màá nàka sí?

Nítorí náà, nígbà tí òjò dẹwọ́ díẹ̀, mo tú àpótí palẹ̀. Kòkòrò ti jẹ gbogbo afárá inú rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Mo ha á nù, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, mo fi èéfín koríko gbígbẹ fín in. Mo wá ìda oyin tí ẹ fi pamọ́ sínú agolo, mo fi pa àwọn igi òkè rẹ̀, mo fún ewé tíì sí i kí òórùn rẹ̀ lè fa oyin wá. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú agolo òróró ọkọ̀ kí èèrà má gùn ún. Mo dá páǹpù padà fún ìyá Bọ́dé, mo ní mi ò yá a mọ́. Ó wo dọńgóyárò tí mò ń gún, ó pàtẹ́wọ́, ó ní: “Ìyàwó tíṣà, o ti di bàbá rẹ!” Kò mọ̀ pé ó fún mi lẹ́bùn.

Bàbá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, oyin méjì wá. Wọ́n yí ẹnu àpótí ká, wọ́n wọlé, wọ́n jáde, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tó mẹ́wàá. Lánàá mi ò lè kà wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó sùn síbẹ̀. Pákò wà lẹ́nu mi. Mo yọ ọ́. Mo ní, “Ẹ kú uṣẹ́ o.” Ìbùkún di ìró mi mú lẹ́yìn, ó ń juwọ́ sí wọn. Mi ò gbé e sá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin sí wọn, èmi àti òun.

Ohun kan ló kù tí mi ò mọ̀. Nígbà tí mo gbé àpótí kúrò láti fọ̀ ọ́, mi ò ṣàmì síbi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Ṣé ìlà-oòrùn ni ẹ kọjú rẹ̀ sí, àbí ara ògiri? Ṣé ẹ máa ń fi igi dín ẹnu rẹ̀ kù fún oyin àlejò, àbí ẹ máa ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu? Mo ti fi igi sí i, mo ti yọ ọ́, mo tún ti fi í padà. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé oyin kì í ṣe afọ́jú. Ṣé òórùn oògùn yẹn ṣì wà lára pákó? Ṣé wọ́n mọ̀ pé èmi ni? Gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé, mi ò bi yín ní nǹkan kan nípa oyin, mo rò pé ẹ ó máa wà níbẹ̀ ni.

Wọn ò ní pẹ́ pinnu, bóyá wọ́n á wọlé, bóyá wọ́n á wá ibòmíràn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ tètè fèsì.

Èmi ni, ọmọ yín tó ni elégédé.